Mùtmàínà, Lọ́yà Tó Ń Fi Ojú Gbọ́rọ̀

Ọjọ́ tí Irfan kọ́kọ́ rí Mùtmàínà, kì í ṣe ìyàwó ló ń wá. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìyá rẹ̀ ló gbé e dé ọ́fíìsì Lọ́yà Àjàmú, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní Èjìgbò. Ìyá rẹ̀, Alhájà Sọ̀fíyátù, ti ń ta aṣọ ní Abidjan láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì bí Irfan sí. Nígbà tí ìyá àtọmọ padà wálé, wọ́n bá a pé aládùúgbò kan ti mọ ògiri sórí ilẹ̀ tí Alhájà rà sí ọ̀nà Másífà, ó ní ilẹ̀ bàbá òun ni.

Lọ́yà Àjàmú ti dàgbà. Irun orí rẹ̀ ti funfun, orúnkún sì ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ṣàṣà ni ẹni tó ní ẹjọ́ ilẹ̀ ní agbègbè náà tí kì í kọ́kọ́ wá fi lọ̀ ọ́. Ó gbọ́ tẹnu Alhájà tán, ó ní, "Mùtmàínà ló máa bá yín ṣe é. Ó mọ ẹjọ́ ilẹ̀ dénú."

Ó nawọ́ sí ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó wọ ìbòrí dúdú, tó tẹjú mọ́ ìwé. Alhájà kí i. Kò dáhùn. Alhájà tún kí i. Lọ́yà Àjàmú fọwọ́ gbá tábìlì díẹ̀, ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ó rí àlejò, ó dìde, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Adití ni mí. Àmọ́ tí ẹ bá kọjú sí mi, màá rí ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín."

Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè sódò bíi ti àwọn yòókù. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni tó ń kàwé fún ara rẹ̀. Alhájà yíjú sí Lọ́yà Àjàmú.

"Lọ́yà, lọ́yà tí kò gbọ́ràn kẹ̀? Báwo ló ṣe máa gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ ní kóòtù?"

Mùtmàínà rí ẹnu rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. "Bí mo ṣe gbọ́ èyí tí ẹ sọ yìí náà ni, mà."

Irfan bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, nígbà tí ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè, ẹni tó ta ilẹ̀ fún un, àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ilẹ̀, igi tó wà ní ààlà, Alhájà kò mọ ìgbà tó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

A kò bí Mùtmàínà ní adití. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí àìsàn kan dé tó mú ọrùn rẹ̀ gan, tí ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ pípẹ́. Ó yè é, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò yè é. Bàbá rẹ̀, Múrítàlá káfíńtà, kò gbà kí wọ́n yọ ọ́ nílé ìwé. Àwọn ará ilé ní kó fi í síbi iṣẹ́ ìránṣọ. Ó ní ọmọ tó ń gbapò kìíní kó tó ṣàìsàn, orí rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Báyìí ni Mùtmàínà ṣe kàwé títí ó fi di lọ́yà.

Ìgbà tó di lọ́yà tán ni ìyà tó wà nínú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì lọ́yà ńlá kan gbà á síṣẹ́ ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi í sí yàrá ẹ̀yìn pé kó máa to fáìlì. Àwọn tí wọ́n jọ dé ń lọ sí kóòtù, wọ́n ń bọ̀. Òun kò dé iwájú adájọ́ kankan rí. Nígbà tó béèrè, ọ̀gá rẹ̀ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé àwọn kò fẹ́ kí oníbàárà rò pé àwọn ń fi ẹjọ́ rẹ̀ ṣe sàráà. Mùtmàínà rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ kedere. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Èjìgbò.

Lọ́yà Àjàmú ló gbà á. Kò ṣàánú rẹ̀. Ó kó ẹjọ́ fún un. Ó sì ní kí Afeezat, akọ̀wé ọ́fíìsì rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ yá lórí kọ̀ǹpútà, máa bá a lọ sí kóòtù. Ohun gbogbo tí wọ́n bá sọ níbẹ̀, Afeezat á máa tẹ̀ ẹ́, Mùtmàínà á máa kà á lójú ẹ̀rọ.

Irfan ló ń gbé ìwé lọ gbé ìwé bọ̀ láàárín ìyá rẹ̀ àti ọ́fíìsì. Nígbà míràn, ìwé tó yẹ kó gbé wá lẹ́ẹ̀kan, ó lè pín in sí mẹ́ta.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dé, òógùn bò ó. Mùtmàínà béèrè ohun tó dé.

"Ọkọ̀ mi ló bàjẹ́ lọ́nà ìlú Ara," Irfan wí.

Mùtmàínà wò ó tìyanu tìyanu. "Ọkọ yín?"

"Ọkọ̀ mi. Ó kàn dúró, ó ń rú èéfín."

Mùtmàínà fọwọ́ bo ẹnu, ejìká rẹ̀ ń mì. Irfan kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Mùtmàínà fa bébà kan, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí i: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. "Ẹ wo ètè mi," ó ní, ó sì pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. "Ṣé ẹ rí i? Ètè kan náà ni. Ètè kì í fi àmì ohùn hàn. Èmi ni mo máa ń wá a fúnra mi, látinú ọ̀rọ̀ tó kù. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ra ọkọ́, mo gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá oko lẹ ń lọ."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá?"

"Gbogbo ẹ̀. Ó máa ń rẹ̀ mí nírọ̀lẹ́."

 Ọmọ Abidjan ni Irfan, èdè Faransé ló fi kàwé, Yorùbá tirẹ̀ náà sì máa ń ṣì í lọ́nà, àwọn ọmọ àdúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò tíì rí ẹni tó ń ṣe làálàá tó bẹ́ẹ̀ nítorí kó lè mọ ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ sọ. Láti ọjọ́ náà, tó bá ń bá a sọ̀rọ̀, ó máa ń dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sí i lójú. Mùtmàínà ṣàkíyèsí rẹ̀. 

Kò pẹ́ tí Irfan fi lọ bá Lọ́yà Àjàmú nílé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun fẹ́ Mùtmàínà.

Kò ya bàbá náà lẹ́nu. "Ṣé o ti sọ fún un?"

"Rárá, sà."

"Má tíì sọ ọ́. Ẹjọ́ ìyá rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra yín báyìí, àwọn tó ń wá ẹ̀sùn sí i lọ́rùn á rí i mú. Irfan, tí èmi bá ṣàṣìṣe ní kóòtù, wọ́n á ní Àjàmú ṣàṣìṣe. Tí òun bá ṣe é, wọ́n á ní adití ni, àwọn ti sọ tẹ́lẹ̀. Dúró dìgbà tí wọ́n bá dájọ́."

"Ẹjọ́ ilẹ̀, sà? Ó lè pẹ́ o."

"Ó máa pẹ́. Ìgbà yẹn lo máa mọ̀ bóyá o fẹ́ ẹ."

Ọjọ́ tí ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀, kóòtù kún. Lọ́yà ẹni tó mọ ògiri wá láti Òṣogbo, ọkùnrin gíga kan tó wọ dígí. Mùtmàínà dé wíìgì lé ìbòrí rẹ̀, Afeezat jókòó tì í pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Wọn kò tíì pe ẹlẹ́rìí tí ọkùnrin náà fi dìde.

"Olúwa mi, mo ní àtakò kan. Obìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà níwájú wa yìí kì í ṣe lọ́yà, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀. Tí agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ mi kò bá lè gbọ́ ohun tí ilé ẹjọ́ ń sọ, kó gbé ẹjọ́ náà fún ẹni tó lè gbọ́ ọ."

Afeezat tẹ̀ ẹ́ láìfo ọ̀rọ̀ kan, títí kan èyí tí wọ́n sọ nípa òun alára. Alhájà Sọ̀fíyátù tó jókòó lẹ́yìn sọ orí kọ́. Irfan wo ẹ̀yìn Mùtmàínà.

Mùtmàínà kà á dé òpin kó tó dìde.

"Olúwa mi, agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ mi wọ dígí kó tó lè ka ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó gbé ẹjọ́ rẹ̀ fún ẹni tójú rẹ̀ ríran jù ú lọ. Akọ̀wé yìí ni dígí tèmi. Kì í rò fún mi, kì í sọ̀rọ̀ fún mi. Ohun tí etí gbogbo yín ń gbọ́ ló ń gbé wá síwájú ojú mi. Mo kàwé bí gbogbo yín ṣe kà á, mo sì yege níbi tí gbogbo yín ti yege. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí n lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa oníbàárà mi."

 Adájọ́ bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Àwọn kan rọra rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

"Akọ̀wé máa jókòó," adájọ́ ní. "Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ẹjọ́ yìí máa sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì sọ ọ́ ketekete. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń wá irú ìtura bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ẹlẹ́rìí yín."

 Irfan wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń fi etí ìborùn nu imú.

Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n tún sún un. Òjò rọ̀, ó dá, ọyẹ́ dé, wọ́n tún padà sí kóòtù. Irfan kò pa ìjókòó kan jẹ. Lẹ́yìn ìjókòó, wọ́n á kíra wọn níwájú àwọn èèyàn, "Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́," "Ẹ ṣeun, ẹ bá mi kí Alhájà," ó sì tán. Ṣùgbọ́n Mùtmàínà ti fi ojú gbọ́rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó mọ ohun tí ojú ń sọ nígbà tí ẹnu bá dákẹ́. Ohun tó bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ó ti rí àwọn ọkùnrin tó wò ó bẹ́ẹ̀ rí, tí wọ́n pè é ní akíkanjú, tí wọ́n sì lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà míràn á dùbúlẹ̀, á máa rò ó: ṣé ìfẹ́ ni àbí àánú? Kò ní ẹni tó lè bi léèrè.

Ọjọ́ ìdájọ́ dé. Adájọ́ ní ilẹ̀ náà, ti Alhájà Sọ̀fíyátù ni, kí ẹni tó mọ ògiri wá wó o. Alhájà dì mọ́ lọ́yà rẹ̀ níta kóòtù, ó gbàdúrà fún un títí àdúrà fi fẹ́ di wàásù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Irfan ló já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fà á sábẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó kọjú sí ìmọ́lẹ̀.

"Ẹjọ́ ti tán," ó ní. "Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ Bàbá Àjàmú. Mùtmàínà, mo fẹ́ kó o jẹ́ aya mi."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pe orúkọ rẹ̀ láìfi lọ́yà ṣíwájú. Mùtmàínà wo ẹnu rẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tí ẹnu náà ti dúró.

"Ṣé àánú mi ló ń ṣe ọ́?"

"Àánú ara mi ló ń ṣe mí. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń dákẹ́."

Mùtmàínà rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ nínú ẹ̀rín náà. "Bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ná," ó ní. "Lẹ́yìn náà, wá gba èsì."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há. Alhájà Sọ̀fíyátù tó gbàdúrà lọ́sàn-án ló kọ̀ jálẹ̀ nírọ̀lẹ́.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ó sọ fún Irfan. "Tó bá fẹ́ aṣọ, màá fún un. Ìyàwó ọmọ mi kọ́. Tí ọmọ bá ń ké lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Tí mo bá padà sí Abidjan, tí mo pè é, ta ló máa gbé fóònù?"

"Màámi, lọ́yà yín ṣáà ni."

"Lọ́yà ni. Lọ́yà yàtọ̀ sí ìyàwó."

Lọ́yà Àjàmú tó lọ ṣe alárinà lọ́dọ̀ bàbá Mùtmàínà kò rí ìtẹ́wọ́gbà níbẹ̀ náà. Múrítàlá gbé ayùn sílẹ̀, ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí. "Ẹ ṣeun, sà. Mo mọ̀ pé ire lẹ ń wá. Ṣùgbọ́n wọ́n máa dá a padà fún mi. Ọdún kìíní wọ́n á ní kò burú, ọdún kejì ó máa sú wọn. Ó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Kó jókòó tì mí."

Oṣù náà gùn. Irfan gbẹ. Mùtmàínà ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Nígbà tó yá, ó mú ẹ̀dà ìdájọ́ tó yẹ kí Afeezat gbé lọ fún Alhájà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ. Ó bá Alhájà nínú yàrá, ó ń ká aṣọ.

Ó kúnlẹ̀, ó fi ìwé náà lélẹ̀. "Alhájà, n kò wá bẹ̀bẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi, kí n rí i. Irfan máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà."

Alhájà fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ líle, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìdájọ́, ọ̀rọ̀ líle náà kò sì jáde. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ló jáde.

"Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Abidjan, n kò gbọ́ èdè wọn rárá. Ẹnì kan gbé mi lọ sí kóòtù nítorí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé mi lórí, wọ́n ń bi mí ní nǹkan. Ojú tì mí láti sọ pé n kò gbọ́. Mo kàn ń dáhùn pé *oui, oui*, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tí mo jáde síta ni wọ́n tó sọ fún mi pé mo ti gbà pé ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe tèmi." Ó nu ojú. "Mo mọ ohun tí ayé ń ṣe fún ẹni tí kò gbọ́. N kò fẹ́ máa wò ó nínú ilé mi lójoojúmọ́. Òun nìyẹn. Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ."

Mùtmàínà sún mọ́ ọn. "Ká ní ẹnì kan jókòó tì yín lọ́jọ́ náà, tó ń sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá ńkọ́, mà?"

Alhájà wo aṣọ tó fi sílẹ̀. "Ǹ bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi dòní."

"Ohun tí èmi náà ń wá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, mà. Ní kóòtù àti nílé."

 Alhájà fà á dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó ní kó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bu omi fún un.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí Alhájà fi wọ ilé Múrítàlá káfíńtà, Irfan àti Lọ́yà Àjàmú tẹ̀ lé e. Kò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Màínà, èmi ni mo kọ́kọ́ kọ̀, ẹ jẹ́ kí èmi náà kọ́kọ́ bẹ̀ yín. Ẹ ní a máa dá a padà. Irú ẹ̀rù tó ń bà yín ló bà mí. Mo ti rò ó wò. Tí ọmọ bá ké lóru, ọkọ rẹ̀ ló máa jí. Irfan, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà," Irfan wí látorí ìdọ̀bálẹ̀.

"Tí mo bá pe fóònù, èyí tí wọ́n fi ń ríra wọn lójú ni màá pè. Ẹ ò rí i pé kò sí nǹkan kan tó ṣòro jù níbẹ̀? Àwa la ò fẹ́ yí àga wa díẹ̀."

Múrítàlá yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó la ẹnu dáadáa bó ṣe máa ń ṣe fún un. "Màínà, ṣé ọkàn rẹ balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Ó balẹ̀, bàbá."

"Ìwọ fúnra rẹ?"

"Èmi fúnra mi."

 Bàbá náà ní kí Alhájà dìde nílẹ̀, àna kì í kúnlẹ̀ fún àna títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́yà Àjàmú tún fìlà rẹ̀ dé, ó ní, "Alihamdulilahi. Orúnkún mi ló mọ iye ìgbà tí mo wá síbí."

Wọ́n so yìgì náà ní ọjọ́ Sátidé kan, nínú ọgbà ilé Múrítàlá. Lèmọ́ọ̀mù kọjú sí ìyàwó, ó rọra bi í bóyá ó gbà, ó sì dúró títí ó fi rí i pé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mùtmàínà dáhùn sókè, gbogbo ọgbà gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Múrítàlá gun ọ̀kadà wá sílé ọkọ ọmọ rẹ̀. Kò sí nǹkan tó gbé wá, kò sì rí nǹkan pàtó sọ. Irfan ló bá a jókòó, ó gbé tíì fún un. Bàbá náà mu ún díẹ̀.

"Láti ìgbà tí etí rẹ̀ ti lọ," ó ní nígbà tó yá, "ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni mo máa ń sùn sí. Tí olè bá dé, kò ní í gbọ́. Tí iná bá ṣẹ́ yọ, kò ní í gbọ́. Mo máa ń tẹ́ ẹní síbẹ̀, ojú kan á sùn, ojú kan á là. Kò mọ̀. Màá ti ká ẹní kó tó jí."



Múrítàlá gbé ife sílẹ̀. Mùtmàínà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ilé, ó rí bàbá rẹ̀, ó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Bàbá náà wò ó tó ń bọ̀, ó wo àna rẹ̀.

"Lánàá, mo wọ yàrá mi," ó ní, "mo ti ilẹ̀kùn, mo sùn."